Tíṣà ni mí ní Ọmù-Àrán, mo fẹ́ wọ Sífù Dìfẹ́ǹsì: ṣé ọdún mẹ́sàn-án mi á bá mi lọ?

Tíṣà Ọmù

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà ní ilé-ìwé ìjọba kan níhìn-ín ní Ọmù-Àrán. Oṣù Kẹta ọdún 2016 ni mo gba lẹ́tà iṣẹ́, ọmọ ọdún 24 ni mí nígbà náà. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 10 ni mo wà báyìí. Mi ò kórìíra iṣẹ́ mi, àmọ́ láti kékeré ni yúnífọ́ọ̀mù ti ń wù mí. Wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n ni bàbá tó bí mi. Tí wọ́n bá ń fi pólíṣì kun bàtà wọn ní ìdájí, èmi ni mo máa ń di àtùpà mú, torí ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí wọ́n fi ń múra. Òórùn pólíṣì yẹn kò kúrò nímú mi títí dòní.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan wá bá wa ní yàrá àwọn tíṣà. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ó gbé fáìlì dání. Ó ní orúkọ ń lọ láti Àbújá, pé tiransífà ni, láti iṣẹ́ tíṣà sí Sífù Dìfẹ́ǹsì. Ó ní a máa gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì wa lọ bó ṣe wà, pé a ò ní ṣe tìréníìn kankan. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà ni, ká san ìdajì ṣáájú. Ó wá ní ká tètè kọ̀wé fiṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ká lè rí i pé a "fẹ́ iṣẹ́ náà lóòótọ́". Àwọn méjì nínú wa ti ń wá owó. Ọ̀kan fẹ́ ta fírísà tó fi ń ta omi tútù.

Èmi ni mo ní kí n kọ́kọ́ béèrè. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń gbé tíṣà lọ síbẹ̀? Bí mo bá lọ, ṣé ọdún mẹ́sàn-án mi á bá mi lọ ni àbí ọmọ tuntun ni wọ́n á kà mí sí? Ó tún ní torí pé ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni ọkọ mi, òun á fi mí sí ti Ọ̀ṣun, pé ti Kwárà ti kún. Ọmọ Ìlọ́fà ni èmi o, ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó là mí lọ́yẹ̀.

Kúnlé Gàá Àkàńbí

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ṣókí. Ẹ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ máa lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ní èrè rẹ̀ wà lọ́run, ta ló fẹ́ dúró dè é? Àbúrò ọ̀rẹ́ mi wọlé, kò mú lẹ́tà ọ̀gá kankan dání. Bí ti Sífù bá há, Àmọ̀tẹ́kùn ń bẹ, wọn kì í béèrè ìwé rẹpẹtẹ.

Bàbá Rẹ́jísírì

Kúnlé, rọra. Àmọ̀tẹ́kùn wo ló wà ní Kwárà? Àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló dá a sílẹ̀ ní 2020. Àwa tí à ń sọ Yorùbá láti Ọ̀fà dé Ìlọ́fà, àríwá àárín gbùngbùn ni ìjọba pín wa sí, a kò sí níbẹ̀. Má máa fi ohun tí o gbọ́ lábẹ́ igi máńgòrò rán ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́.

Tíṣà, ọmọ mi, bí o bá ti kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ yẹn, fà á ya lónìí. Bí o ò bá tíì kọ ọ́, gbé báírò kalẹ̀.

Ọdún 31 ni mo lò ní rẹ́jísírì àti ẹ̀ka àkóso òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan ní Ìlọrin, kí n tó padà wá sídìí ebè iṣu mi ní Ajàṣẹ́-Ìpo. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tó máa ń wà nínú fáìlì, àti ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí èèyàn á wá a tì.

Ohun tí ọkùnrin yẹn ń pè ní tiransífà, nǹkan mẹ́rin ló pò mọ́ra. Wọ́n lè gbé ẹni tó ti wà nínú iṣẹ́ kúrò ní ìlú kan lọ sí òmíràn. Sígínà, ìyẹn àṣẹ láti òkè, ló ń gbé ìyẹn wá, kò sí ẹni tó máa bi ọ́ bóyá ó wù ọ́. Ọ́fíìsì rẹ sì lè yá ọ fún ọ́fíìsì mìíràn fún ìgbà díẹ̀: orúkọ rẹ ṣì wà níbi tí o ti wá, ibẹ̀ náà ni wàá padà sí. Tiransífà gan-an ni pé kí ibi tí o wà yọ̀ǹda rẹ pátápátá, kí ibi tí ò ń lọ sì gbà ọ́, kí iṣẹ́ má sì já lọ́jọ́ kan ṣoṣo láàárín méjèèjì. Èyí tó kù ni ìgbanisíṣẹ́ tuntun, òun lẹ sì sábà máa ń rí lórí fóònù: o fi orúkọ sílẹ̀ bíi ti gbogbo ayé, o ṣe ìdánwò, o dúró fún àyẹ̀wò ara, wọ́n sì kà ọ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò ṣe é ṣe kí èèyàn gba ti ìgbẹ̀yìn yìí wọlé kó máa pè é ní tiransífà.

Ó wà nínú ìwé òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí PSR. Ìtẹ̀jáde 2021 ni wọ́n ń lò báyìí, ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ti 2008 tó wà lọ́wọ́ tèmi, adìyẹ ti yé sórí ẹ̀, mo ṣì ń kà á.

Àwọn tó ń gbani sí Sífù Dìfẹ́ǹsì ni ìgbìmọ̀ kan ní Àbújá tí ń jẹ́ CDCFIB. Òun náà ló ni ọ̀rọ̀ wọ́dà, ti ìmígíréṣọ̀n àti ti panápaná àpapọ̀. Kọ́sítọ̀ọ̀mù kò sí níbẹ̀, wọ́n ní ìgbìmọ̀ tiwọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó náà ní òfin tiwọn. Kò sí ọ̀gá kan ní Ìlọrin, bó ti wù kí ìràwọ̀ èjìká rẹ̀ pọ̀ tó, tó lè jókòó sábẹ́ fáànù kó fún ọ ní lẹ́tà lẹ́fẹ́ẹ̀lì 10. Ká tún wá sọ pé ọkùnrin tó gbé fáìlì wọ yàrá tíṣà ní Ọmù-Àrán ló fẹ́ fún ọ!

Òótọ́ ni pé ìjọba máa ń gba òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ sí ti àpapọ̀ pẹ̀lú tiransífà. Mo ti rí i, mo ti ṣí fáìlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní láti jẹ́ pé àyè wà níbẹ̀, pé wọ́n ti fìdí iṣẹ́ rẹ múlẹ̀ níbi tí o wà, ohun tí gbogbo yín ń pè ní kọnfamẹ́ṣọ̀n, tó máa ń wáyé lẹ́yìn ọdún méjì àyẹ̀wò. Ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ sì gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ọ̀gá rẹ kọjá. Mo fẹ́ dúró lórí èyí díẹ̀.

Mo mọ ohun tí à ń ṣe sí lẹ́tà tó bá dé tààrà tí kò gba ọwọ́ ọ̀gá. A ó lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tó dé lé e lórí, a ó fún un ní nọ́ńbà ojú ewé, a ó fi okùn fáìlì dì í, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀gá á wò ó bí ẹni ń wo iye owó ọjà, á fi báírò pupa kọ lẹ́tà méjì sí etí ìwé: P.A. Ìyẹn ni pé ká dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ mi yìí ti dá irú ẹ̀ padà títí tí kọ́bọ́ọ̀dù fi ń kún. Ẹni tó kọ ọ́ wà nílé, ó ń retí ìpè, ó ń fi owó kún fóònù.

Nítorí náà, lókè lẹ́tà, kọ ọ́ sí ọ̀gá pátápátá ní Tẹ́skọ́mù, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà ìjọba ní ìpínlẹ̀, kí o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó gba ọwọ́ ọ̀gá ilé-ìwé rẹ. Fi lẹ́tà tí wọ́n fi gbà ọ́, ti kọnfamẹ́ṣọ̀n, ti ìgbéga tó kẹ́yìn, fọ́ọ̀mù APER tí ọ̀gá fi ń díwọ̀n iṣẹ́ ẹni lọ́dọọdún, ti ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn, ìwé ọjọ́ ìbí àti àwọn sáfíkéètì rẹ tì í. Ṣe ẹ̀dà méjì. Ẹ̀dà kejì tìrẹ ni: rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e.

Ní ti ìfiṣẹ́sílẹ̀, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọkùnrin kan wá sí ọ́fíìsì wa lọ́dún 1992. Ó ti ṣe ọdún mẹ́sàn-án ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kan. Ó mọṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì lẹ́wà nínú ìwé kíkọ. Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹfà ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí mo béèrè ohun tó ṣe ní àárín méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun lọ sinmi sílé ìyàwó òun ní Ṣààrẹ́. Ọjọ́ 19.

Ní ọdún 2000 ni ìdílé rẹ̀ pè é sí oyè, kò sì sí bó ṣe lè kọ̀. Ó ti ṣe ọdún mẹ́jọ lọ́dọ̀ wa. Òfin ìgbà náà ní kí èèyàn pé ọdún 5 kó tó lè gba gíráṣúítì, owó tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì pé ọdún 10 kó tó lè máa gba owó ìfẹ̀yìntì lóṣooṣù. Mẹ́sàn-án àti mẹ́jọ, mẹ́tàdínlógún ni, ó ju ohun tó nílò lọ. Àmọ́ ẹni tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ti fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Mẹ́jọ nìkan ni wọ́n kà fún un. Èmi ni mo ka fáìlì náà fún un. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà, ó wá ní ṣé kò sí bí a ṣe lè lọ́ ọjọ́ kọkànlá yẹn di ọgbọ̀n. Mo ní bàbá, òǹtẹ̀ ló wà lórí ẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ẹnu ọ̀nà títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́.

Ìlànà ìfẹ̀yìntì ti yí padà láti 2004, kí ẹnikẹ́ni má wá fi ìyẹn bá mi jà. Lábẹ́ òfin 2014 tó tẹ̀ lé e, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ á fi 10 lé e, nọ́ńbà PEN rẹ, ìyẹn nọ́ńbà owó ìfẹ̀yìntì rẹ, a sì máa bá ọ lọ síbikíbi. Bí o bá ti wà lórí ìlànà yẹn, owó tó ti wà níbẹ̀ kò ní sọnù. Àmọ́ àgbà rẹ lẹ́nu iṣẹ́, ọdún tí wọ́n máa fi ṣírò ìgbéga rẹ, ìyẹn ni ọjọ́ 19 ṣì lè gbé mì.

Ṣírò èyí náà kí o tó lọ. Ẹni tó wọ aṣọ yẹn, ọmọ 60 ọdún tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ló ń fẹ̀yìn tì, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Ọmọ 24 ni ọ́ nígbà tí o bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ka ọdún rẹ láti 2016, o máa pé 35 nígbà tí o bá pé ọmọ 59. Òfin àwọn tíṣà tí ààrẹ bu ọwọ́ lù ní 2022 fún tíṣà ní ọmọ 65 tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Níbi tí ìpínlẹ̀ bá ti gbà á wọlé, ọmọ 64 ni wàá fi pátákó sílẹ̀. Ọdún márùn-ún owó oṣù lo ń fi ra bàtà yẹn.

Ọmọ Ọ̀fà Méjì

Bàbá Rẹ́jísírì, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa.

Àǹtí Tíṣà, èmi ni mo san án. 2022 ni, ti wọ́dà ni wọ́n fi tàn mí, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó àti àádọ́ta náírà. Ìyá mi ta ilẹ̀ lọ́nà Ìjàgbó. Oṣù kẹta lẹ́yìn ẹ̀, lẹ́tà dé: ìwé tó nípọn, àsíá tó ń dán, ibi tí màá lọ àti ọjọ́ tí màá débẹ̀. Àdúrà ni wọ́n fi sin mí jáde nílé. Mo gbé páálí, mo gbé fóòmù, mo gbé kúlà omi.

Wọ́dà tó wà ní géètì ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó fi ìka sórí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lókè, "Nigerian Prisons Service". Ó ní, "Àbúrò, orúkọ yìí ti kú láti 2019." Òfin tuntun ti sọ ọ́ di Correctional Service lọ́dún mẹ́ta kí wọ́n tó tẹ lẹ́tà mi. Àwọn olè náà kò mọ̀! Èmi tí mo lọ sí Pólì ní Ọ̀fà, èmi náà kò mọ̀.

Mo padà sílé lálẹ́. Fóòmù yẹn ni mo ṣì ń sùn lé.

Tíṣà Ọmù

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin bàbá wa. Ọmọ Ọ̀fà, ẹ pẹ̀lẹ́, ó dùn mí. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín sókè fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Èyí tó fẹ́ ta fírísà dákẹ́, ó wá ní òun á ronú sí i.

Mo bá ọ̀gá ilé-ìwé mi sọ̀rọ̀ lónìí. Wọ́n ní àwọn kò ní bu ọwọ́ lù ú láéláé, pé bí mo bá lọ, ta ló máa kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC ní Bàọ́lọ́jì? Kí ni mo lè ṣe sí ìyẹn? Ẹ ò sì tíì dáhùn ti Ọ̀ṣun tí ó sọ. Lẹ́yìn náà, àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 23, ọlọ́pàá ni òun fẹ́ ṣe ní tiẹ̀. Ẹnìkan sọ fún un pé ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá ló ń gbà wọ́n, pé kó wá ẹni tó mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì Táńkẹ̀

Tíṣà, ẹ jẹ́ kí obìnrin bíi tiyín sọ tiẹ̀ fún yín. Ọkọ mi wọ aṣọ ìjọba, mi ò ní sọ èwo. Ọjọ́bọ̀ ni sígínà dé, pé kó wà ní Dàmátúrù ní Mọ́ńdè. Láti Ìlọrin! Àwọn ìbejì mi pé oṣù méje nígbà náà, Táíwò ń ṣe ibà. Ó di ẹrù rẹ̀ láàárín òru, ó gba Offa Garage jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sọ̀rọ̀ tó ju "ẹ máa tọ́jú ara yín" lọ.

Òfin ní owó kan ń bẹ fún ẹni tí wọ́n bá gbé lọ síbi tuntun, owó ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ tí kò tíì rí ilé. Oṣù kẹrìnlá ni tiẹ̀ tó jáde. Orí àga ọ̀rẹ́ ló sùn ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ó ń jẹ gàrí.

Mi ò ní kí ẹ má lọ o. Iṣẹ́ ọkọ mi ló kọ́ ilé tí mò ń gbé. Àmọ́ tíṣà ní Ọmù-Àrán, bí wọ́n bá gbé yín jìnnà, Ọ̀ró tàbí Owu-Ìsin ni. Ẹ ṣáà bi ọkọ yín, kì í ṣe pé "ṣé kí n lọ?" Ẹ bi í pé "ta ló máa gbé àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé tí mo bá wà ní Yóbè?" Kẹ́ ẹ sì wo ojú rẹ̀ dáadáa bó ṣe ń dáhùn.

Bàbá Rẹ́jísírì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ẹ sọ fún ọkọ yín kó má ju sígínà yẹn nù, àti ìwé tó kọ lọ́jọ́ tó dé ibi iṣẹ́. Ìwé méjèèjì yẹn ló máa ń sọ̀rọ̀ fún èèyàn níwájú àwọn olówó.

Tíṣà, mo padà dé, oko ni mo lọ.

Ti Ọ̀ṣun kọ́kọ́. Irọ́ ni. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí pínpín iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ káàkiri ìpínlẹ̀, Federal Character, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin tó bá lọ ilé ọkọ kò tíì yí ìpínlẹ̀ tí wọ́n bí i sí padà. Ìlọ́fà ni ọ́, ìwé Òkè-Ẹ̀rọ̀ ni wàá mú lọ. Bí o bá lọ gba ìwé Ọ̀ṣun, o ti ní ìwé ìjọba ìbílẹ̀ méjì nìyẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n bá yẹ fáìlì wò, ìwọ ni wọ́n máa bi, wọn ò ní bi ọkùnrin tó mọ́ ṣaṣa yẹn.

Ti ọ̀gá rẹ. Kì í ṣe òun ló ń yọ̀ǹda rẹ, Tẹ́skọ́mù ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó kọ èrò ọkàn rẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́tà náà kó sì gbé e síwájú. Bó bá wù ú, kó kọ ọ́ gàdàgbà pé "mi ò ní ẹlòmíràn tó mọ Bàọ́lọ́jì". Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, òótọ́ sì ni. Tẹ́skọ́mù ló máa wá wò ó bóyá àwọn á wá ẹlòmíràn tàbí wọ́n á ní kí o dúró. Ohun tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ni kó gbé lẹ́tà rẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ bá a ní ọ̀wọ̀, má mú ìbínú dání. Kúnlẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀, Ìgbómìnà ni ọ́, wọ́n ti kọ́ ọ. Sọ fún un pé: "Ọ̀gá, mi ò ní kí ẹ gbà fún mi, mo ní kí ẹ bá mi kọ èrò yín síbẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀gá lójú mi.

Ti àbúrò rẹ. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ ọlọ́pàá, Police Service Commission, ni òfin ilẹ̀ wa fún ní agbára láti gba ọlọ́pàá, yàtọ̀ sí ọ̀gá pátápátá fúnra rẹ̀ tí ààrẹ ń yàn. Ọ̀gá ọlọ́pàá àti ìgbìmọ̀ yìí ti bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí ẹni tó máa gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kọ́sítébù. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù, wọ́n sì dá a ní oṣù Keje 2023 pé ti ìgbìmọ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ibi tí agbára kò sí ló mọ̀ ọ́n sí.

Kó wo ara rẹ̀ náà. Kọ́sítébù, ọmọ 18 sí 25 ni wọ́n ń gbà, àbúrò rẹ ní ọdún méjì sí i. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.67, kí àyà rẹ̀ sì tó sẹ̀ntímítà 86 tó bá mí sínú. Obìnrin, mítà 1.64. Kírẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú wọn, kó má ju ìjókòó méjì lọ. Kó lọ wọn ara rẹ̀ sára ògiri lálẹ́ òní kó tó ṣe wàhálà ìwé. Ìwọ ní tìrẹ, ọmọ ọdún 33, ilẹ̀kùn kọ́sítébù ti padé sẹ́yìn rẹ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gba owó lọ́wọ́ rẹ lórí ìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti ń san owó, ẹ gbọ́ o: òfin ICPC ti ọdún 2000, tó lòdì sí àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kò mú ẹni tó gbà á nìkan, ó mú ẹni tó fún un pẹ̀lú. Ohun tó ń jẹ́ kí àwọn olè yìí máa rìn láìfòyà nìyẹn, wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rù á máa ba ẹni tí wọ́n jẹ lówó láti lọ sọ.

Ohun tí o lè ṣe láìbá ẹnikẹ́ni jà nìyí. Kọ lẹ́tà tiransífà gba ọ̀nà tí mo sọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà tí ìgbìmọ̀ bá polongo ìgbanisíṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ka ọjọ́ orí tí wọ́n kọ síbẹ̀. PSR lè gba èèyàn títí dé ọmọ 50, àwọn oníyúnífọ́ọ̀mù kì í lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá ṣì bọ́ sí i, fi orúkọ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ mọ̀ pé ẹni tó gba ibẹ̀ wọlé pẹ̀lú dìgírì, lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8 ló ti máa bẹ̀rẹ̀. O ti kúrò níbẹ̀ ní tìrẹ. Wàá padà lọ máa lu sàlúùtì fún àwọn ọmọ tí o kọ́ ní SS2. Tìréníìn náà kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Bó bá sì dé ọjọ́ tí méjèèjì bá jáde, mọ̀ pé o kò lè gba owó oṣù méjì lọ́wọ́ ìjọba lẹ́ẹ̀kan náà, òfin ilẹ̀ wa kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tó gbà kí òṣìṣẹ́ ìjọba fi kún iṣẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ àgbẹ̀. Èmi fi òfin yẹn gbin ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ ebè iṣu nígbà tí mo ṣì wà ní ọ́fíìsì.

Kúnlé Gàá Àkàńbí

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi tí mo sọ yẹn, mo pè é. Iṣẹ́ tuntun ni wọ́n gbà á sí, kò ṣiṣẹ́ ìjọba rí. Èmi ni mo dà á pọ̀.

Tíṣà Ọmù

Ẹ kú àárọ̀ o. Ọjọ́ mẹ́jọ rèé tí mo ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Ọkùnrin náà padà wá ní Túsìdeè. Mo ní kó jọ̀ọ́ fi orúkọ ìgbìmọ̀ tó ń gbani sí Sífù Dìfẹ́ǹsì hàn mí nínú fáìlì rẹ̀. Ó wo aago, ó ní òun ń bọ̀ láti ibi tí òun gbé ọkọ̀ sí. A kò tíì rí i. Fírísà ṣì wà, mo mu omi tútù nínú ẹ̀ lánàá.

Mo bi ọkọ mi ní ìbéèrè Ìyá Ìbejì gẹ́lẹ́. Ó dákẹ́ títí ìrẹsì fi jinná. Ó wá ní ìyá òun tó wà ní Ìlá lè wá bá wa gbé, ṣùgbọ́n kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ bi wọ́n. Ó ṣì ń bi wọ́n.

Mo kọ lẹ́tà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tún un kọ kí ọ̀gá ilé-ìwé mi tó gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé tíṣà Bàọ́lọ́jì kan ṣoṣo ni mo jẹ́, pé mi kì í pẹ́ dé, pé kí Tẹ́skọ́mù ro ti àwọn ọmọ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára débi pé mo fẹ́ gba lẹ́tà mi padà. Mo gbé e wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin fúnra mi. Ìdí òǹtẹ̀ rẹ́jísírì ti gbẹ, obìnrin tó wà níbẹ̀ ní láti tú omi díẹ̀ sí páàdì kó tó lù ú. Lórí ẹ̀dà tiwọn, kò hàn dáadáa. Mo ní kó jọ̀ọ́ tún ti tèmi lù. Ó wò mí, ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ náà hàn kedere.